Ta Ló Pa Bátìrì Mọ́tò ní Warri?

Bátìrì mọ́tò kì í ṣe àwámáàrídìí. Àpótí ike ni, tí wọ́n pín sí yàrá mẹ́fà. Àwo òjé àti omi ásíìdì ló wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú ohun tó lé díẹ̀ ní fólítì méjì wá. Ará Faransé kan, Gaston Planté, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1859. Láti ìgbà náà, ohun tó ń mú bátìrì pẹ́ àti ohun tó ń gbẹ̀mí rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀. Síbẹ̀, ní Warri, láti Enerhen Junction dé Effurun Roundabout, láti Jakpa Road dé Udu, gbólóhùn kan náà ni wọ́n fi ń dájọ́ nígbàkúùgbà tí mọ́tò bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀: "Oga, battery don die. Go buy another one." Onímọ́tò á sanwó, wọ́n á gbé tuntun sí i, oṣù díẹ̀ á kọjá, mọ́tò á tún kọ̀, wọ́n á sì tún ka gbólóhùn náà sí i létí. Ẹni tí wọ́n pa ni wọ́n ń dá lẹ́bi, àwọn tó pa á ló sì jókòó sórí àga adájọ́. Mo fẹ́ gbé wọn dìde níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni mo fi ṣe ìgbìmọ̀ tí yóò dájọ́. Màá kó wọn síwájú yín níkọ̀ọ̀kan, màá sọ ohun tí wọ́n ṣe, màá sì sọ ohun tó ná wa. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín: ẹ má jẹ́ kí "bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí" gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní wà lórí réwáyà, oníṣẹ́ iná mọ́tò, tí kì í wọn nǹkan kan. Wọ́n pè é, ó dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò mú mítà lọ́wọ́. Ó ké wáyà kan, ó fi kan orí bátìrì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, iná ta pàrà. Ó wo bí iná náà ṣe tóbi tó, ó mi orí, ó ní bátìrì ti lọ. Àyẹ̀wò tó ṣe nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí iná yẹn lè fà: bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná tán máa ń tú afẹ́fẹ́ haidirójìn-ìn síta, ẹ̀ta iná kékeré sì tó láti mú un bú gbàmù, ojú ẹni tó tẹ̀ba lé e lórí ni ásíìdì yóò sì lọ tààrà. Ẹ tún gbọ́ ohun tí iná yẹn kò lè sọ. Kò lè sọ bóyá bátìrì ló ń ṣàìsàn tàbí kò jẹun yó. Kò lè sọ bóyá ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń bọ́ bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ti jáwọ́. Kò lè sọ bóyá nǹkan kan ń mu iná lóru tí gbogbo ilé ti sùn. Mítà kékeré tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta gílóòbù yóò sọ ọ́ kí ẹ tó mọ̀. Bí mọ́tò bá ti sinmi mọ́jú, tí mítà ka 12.6, bátìrì kún. Bí ó bá ka 12.4, ó ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2, ó ku ìdajì, 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Kí wọ́n wá ṣíná. Bí mítà bá gòkè dé nǹkan bíi 13.8 sí 14.5, ọ́tánétọ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jókòó sí 12 lásán, bátìrì tuntun mẹ́wàá kò ní wo mọ́tò náà sàn. Nọ́ńbà méjì péré ni. Réwáyà tí kò wọn nọ́ńbà méjì yìí, tó sì rán onímọ́tò lọ sọ́jà, kò ṣiṣẹ́ kankan: ó méfò, ó sì gbowó iṣẹ́ lórí ìméfò.

Ẹ̀sùn kejì, òun náà ni. Wọ́n bi í pé ṣé ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣíná, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kùn, ó fi sípánà tú orí bátìrì kan, ó sì já a kúrò. Mọ́tò kò kú. Ó yíjú sí onímọ́tò, ó ní, "E dey charge." Ó rò pé òun ti fi ẹ̀rí hàn. Ohun tó ṣe ni pé ó gba ibi tí iná ń dà sí kúrò lójijì. Bátìrì ló ń gba ohun tí ọ́tánétọ̀ ń pèsè mọ́ra. Bí wọ́n bá já a kúrò lórí eré, iná náà kò ríbi yà sí, ó sì lè fò kọjá 60 fólítì kí ojú tó ṣẹ́. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 14 ni wọ́n rọ ọ́ sí o! Nínú ọ́tánétọ̀ ni àwọn dáyóòdù wà, ẹ̀yà kéékèèké tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí iná máa lọ síwájú kó má padà sẹ́yìn. Wọ́n máa ń jó nínú irú àyẹ̀wò yìí. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì náà lè jó. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ iṣẹ́ nígbà Peugeot 504, èyí tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti ọdún 1975, ṣe é gbé nítorí kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tí yóò jó. Mọ́tò tó kún ojú títì wa lónìí kì í ṣe 504. Ẹ wá fi ọkàn bá èyí lọ: bí dáyóòdù kan bá jó, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún iná láti máa ṣàn padà jáde nínú bátìrì ní gbogbo òru. Bátìrì tí ń kú láàárọ̀ láàárọ̀, ẹni tí wọ́n pè wá tún un ṣe ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àìsàn náà sílẹ̀, ó sì padà wá gbowó ìwòsàn.

Ẹ̀sùn kẹta ni mo kà sí èyí tó burú jù nínú ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí bátìrì. Mo ti dúró lórí ọ̀kan tí wọ́n ń ṣe é sí, mo sì rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń ṣe é fi owó ṣílè àtijọ́ kan yí ọmọrí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò. Ó bojú wo inú yàrá, ó rí i pé omi ti lọ sílẹ̀, àwọn àwo òjé sì ti yọrí síta. Títí dé ibẹ̀, kò tíì ṣe àìdáa kankan. Ó wá na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fa ìgò omi mímu kan yọ, ìwé orúkọ ilé iṣẹ́ omi náà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì rọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan títí tó fi kún dẹ́nu. Ásíìdì ni. Kò wọn bó ṣe ki tó. Kò béèrè ohun tó gbé omi tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó gbé e lọ ni ooru. Nínú ooru Warri, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti gbóná látàárọ̀, omi ló ń gbẹ nínú bátìrì. Ásíìdì kì í bá a lọ. Bí bátìrì bá sì gbẹ iná, ásíìdì tí wọ́n rò pé ó ti tán wọ inú àwo òjé lọ ni, ó ń retí kí wọ́n fún bátìrì ní iná kó tó jáde padà. Nítorí náà, omi bátìrì, èyí tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀, nìkan ló yẹ kí wọ́n bù sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un ní iná. Ẹni tó rọ ásíìdì sí i ti sọ ásíìdì náà di ìlọ́po. Fún ọjọ́ díẹ̀, mọ́tò á jí kíá, onímọ́tò á máa yìn ín. Lábẹ́ ìyìn yẹn, ásíìdì tó ki jù ń jẹ àwo òjé, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń já bọ́ sísàlẹ̀ yàrá títí tó fi di ẹrẹ̀ dúdú rúsúrúsú, ẹrẹ̀ náà á so àwo pọ̀ mọ́ àwo, yàrá kan á kú. Láti ọjọ́ náà, bátìrì tó yẹ kó ka 12.6 kò ní ju nǹkan bíi 10.5 lọ mọ́, kò sì sí ẹni tó lè jí i. Ìgò omi mímu tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì ńkọ́? Ó ṣì wà níbẹ̀, kò ní àmì, kò ní ìdè lẹ́nu, ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ sì lè gbé e. Ẹni yìí pa bátìrì tó yẹ kó gbà là, ó sì gbé ikú sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó.

Ẹ̀sùn kẹrin kò gùn. Bátìrì 50 ámpíà-wákàtí fẹ́ nǹkan bíi ámpíà márùn-ún fún wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yó. Iná ìjọba kì í dúró, bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, ni oníṣáàjì ẹ̀bá títì bá gbé bátìrì onírúurú ènìyàn jọ, ó so wọ́n mọ́ra, ó yí iná sókè gan-an, ó ní kí onímọ́tò padà wá ní wákàtí méjì. Bátìrì ń hó bí ó ti ń gbóná, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ gba gbogbo ibẹ̀, àwo inú rẹ̀ ń wọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló yó, inú ṣì ṣófo. Wákàtí méjì ló tà ní owó wákàtí mẹ́wàá, ó sì fi ìyókù ẹ̀mí bátìrì ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó ń ta tuntun.

Ẹ̀sùn karùn-ún wá kan ẹni tó ń ta tuntun náà. Àwọn kan wà nínú wọn tí ọjà wọn kì í ṣe tuntun rárá. Wọ́n ra òkú bátìrì, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ásíìdì, wọ́n fín ọ̀dà dúdú sí i lára, wọ́n lẹ ìwé aláràbarà mọ́ ọn. Ẹ fi àtàǹpàkò wo ibi tí wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí lára ike: ẹ ó bá a tó rí họ́họ́, nítorí wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ ọ́. Àwọn mìíràn ń ta tuntun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí pẹpẹ nínú oòrùn fún ọdún kan, kò sì sẹ́ni tó fún un ní iná láti ọjọ́ tó dé. Bátìrì tí wọ́n gbé kalẹ̀ lásán máa ń tú iná rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀, ooru sì ń mú un yára. Bí ó bá pẹ́ nínú ebi bẹ́ẹ̀, iyọ̀ funfun á le mọ́ àwo òjé rẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́ láé. Òfin kò dákẹ́ lórí èyí. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà àlòkù tàbí ọjà àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀, kí ó sì fún un ní rìsíìtì. Rìsíìtì kẹ̀? "Gárántì oṣù mẹ́fà," lẹ́nu lásán ni, nígbà tí oṣù kejì bá sì pé, wọ́n á ní réwáyà ló ba á jẹ́. Réwáyà á ní ọjà ni kò dáa. Àwọn méjèèjì ń parọ́ mọ́ ara wọn, àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́ nípa ara wọn.

Ẹ̀sùn kẹfà wà lórí àwọn tó ń fa wáyà. Tírákà, aláàmù, iná aláwọ̀ búlúù lábẹ́ àga, ampilifáyà tó tó àpótí aṣọ nínú bùútù: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà, láìní fíúùsì, láìgba ọ̀nà kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ ti jáde, mọ́tò ti tì, wọ́n ṣì ń mu iná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mọ́tò òde òní tí kò ní àìsàn máa ń mu nǹkan bíi 0.05 ámpíà nígbà tó bá ń sùn, fún aago rẹ̀ àti fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Láàárín wákàtí 24, ámpíà-wákàtí 1.2 nìyẹn, kò sì sí bátìrì gidi tí kò lè fara dà á fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ampilifáyà tí kì í sùn, tó ń mu ámpíà kan péré, yóò mu 24 nínú 50 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ fi òru kan kún un, mọ́tò kò ní jí mọ́. Ọ̀nà láti mú olè náà rọrùn: ẹ fi mítà sáàárín orí bátìrì odì àti wáyà rẹ̀, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí mọ́tò sùn wọra, ẹ máa yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí nọ́ńbà bá já wálẹ̀ nígbà tí ẹ yọ ọ́, ibẹ̀ ni olè wà. Bí nọ́ńbà kò bá wálẹ̀ rárá, ohun tí wọ́n so mọ́ bátìrì tààrà tàbí dáyóòdù tó jó nínú ọ́tánétọ̀ ni kí ẹ lọ bá. Dípò èyí, bátìrì tuntun ni wọ́n ń rà: agbè tó ń jò ni wọ́n ń pọnmi sí, wọ́n sì ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó fa wáyà náà ti gba owó rẹ̀ tipẹ́. Onímọ́tò ló ń san gbèsè rẹ̀, bátìrì kan tẹ̀lé òmíràn.

Ẹ̀sùn keje yóò dun àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yìí, nítorí onímọ́tò ni mo fẹ́ pè jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500, ó sì tún gòkè lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé mọ́tò sílé, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ń jẹ bátìrì, wọn kò sì já orí rẹ̀ kan kúrò, wọn kò sì fún un ní iná. Bí wọ́n bá gbé e jáde, láti ilé dé ọjà ni, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí kí wọ́n há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Enerhen nínú òjò, tí ẹ̀rọ amúlétutù, iná iwájú àti wáípà ń fa iná pọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń mí lásán lórí ìdúró. Ohun tí ìṣíná gbà lọ kò padà. Òjò Warri sì ń rọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìlú wa lọ. Ìyẹ̀fun funfun aláwọ̀ ewé ti bo orí bátìrì bí èérún. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èyí tó burú jù ni ìbéèrè tí onímọ́tò máa ń béèrè. Bí wọ́n bá ti ní bátìrì ti kú, "Èló ni?" ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò bèèrè rí pé, "Kí ni mítà kà?" Ó ra bátìrì kẹta láìmọ ohun tó pa èkejì, ó sì fi owó rẹ̀ bọ́ gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ.

Kí n tó dé ẹ̀sùn tó kẹ́yìn, ẹ wo ohun tí èyí ná ènìyàn, yàtọ̀ sí owó. Mọ́tò ọ̀tọ́mátíìkì kò ṣeé tì kó jí. Ibi tó bá kú sí ni yóò dúró sí. Ẹni tó bá yà sẹ́bàá ọ̀nà Benin sí Warri ní ìrọ̀lẹ́ kó lè tọ̀, tó sì pa ẹ́ńjìnnì, mọ ohun tó ń gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ bá yí, tí nǹkan kan kò sì dáhùn ju "tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀" lọ. Ó mọ ẹni tó lè jáde nínú igbó. Aláboyún tí ọmọ ń mú ní aago méjì òru kò ní àkókò láti wá ẹni tí yóò fi wáyà so bátìrì mìíràn mọ́ ti ọkọ rẹ̀. Ìyẹn ni iye tí wọ́n ń ta ìméfò.

Ẹ̀sùn kẹjọ ni ohun tí wọ́n fi òkú bátìrì ṣe, ibẹ̀ ni gbogbo àwọn tó wà lókè sì ti pàdé. Bátìrì kò ṣeé sọ nù bí ike. Ohun tó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ jẹ́ òjé. Àwọn tó ń kiri "condemn battery" ń rà á, òjé ni wọ́n sì ń rà, wọn kò ra omi. Nítorí náà wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú gọ́tà, ásíìdì tí òjé ti dà pọ̀ mọ́ sì ṣàn lọ. Ilẹ̀ Warri kò jìnnà sómi; kànga àti borehole ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu, gọ́tà wa sì ń lọ sódò. Lẹ́yìn náà, òjé ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Senegal, àwọn ènìyàn ń tú bátìrì ògbólógbòó, wọ́n sì ń jọ òjé jáde nínú yẹ̀pẹ̀ àdúgbò. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Ní Ogijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ òjé bátìrì pọ̀ sí, New York Times àti The Examination gbé ìwádìí jáde lọ́dún 2025: ẹni 70 yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò, méje nínú mẹ́wàá ló sì ní òjé tó lè ṣèpalára lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé kò sí ìwọ̀n òjé tí kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́, kò sì ṣeé tún ṣe.

Bí ìlú kan bá wà tí kò lè sọ pé òun kò mọ̀, agbègbè wa yìí ni. Koko, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri North, ni wọ́n ti rí àwọn àgbá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì lọ́dún 1988. Nítorí Koko ni ìjọba fi ṣe òfin ìdọ̀tí olóró lọ́dún náà gan-an, tí ẹ̀wọ̀n gbére sì jẹ́ ìjìyà rẹ̀, nítorí Koko náà ni wọ́n sì fi dá àjọ àkọ́kọ́ tó ń bójú tó àyíká sílẹ̀. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Basel lórí ìdọ̀tí eléwu fẹnu kò lọ́dún 1989, àdéhùn rẹ̀ sì ka òkú bátìrì olójèé mọ́ ìdọ̀tí eléwu. Lọ́dún 2024, ìjọba àpapọ̀ tún gbé òfin ìṣàkóso bátìrì jáde. Ìwé kún àpótí. Gọ́tà sì ṣì ń gba ásíìdì. Ìgbà tí òyìnbó kó májèlé wá, a pariwo dé òpin ayé. Èyí tí a ń fi ọwọ́ ara wa dà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, a dákẹ́ lé e lórí.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Réwáyà kò wọn nǹkan kan, ó sì fi àyẹ̀wò rẹ̀ ba ọ́tánétọ̀ jẹ́. Nítorí ọ́tánétọ̀ tó bàjẹ́, bátìrì gbẹ. Nítorí pé ó gbẹ, wọ́n rọ ásíìdì sí i, wọ́n hó o ní wákàtí méjì, ó kú. Nítorí pé ó kú, wọ́n ta òkú mìíràn tí wọ́n kùn lọ́dà fún onímọ́tò, èyí tí tírákà ti dúró dè. Nítorí onímọ́tò kò bèèrè, gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ní òpin yíyí kọ̀ọ̀kan, òkú bátìrì kan lọ, òjé rẹ̀ sì lọ sínú omi àti sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò ní mọ́tò rárá. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè ní tòun kéré, nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ èkejì, tó sì bá a parí.

Mo ní kí ẹ dá wọn lẹ́bi. Ìjìyà tí mo béèrè kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Kí oníṣòwò tí kò fún yín ní rìsíìtì pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe bátìrì náà má gba náírà kan lọ́wọ́ yín. Kí òkú bátìrì yín padà sọ́dọ̀ ẹni tó ta tuntun fún yín pẹ̀lú omi inú rẹ̀, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹni tí yóò dà á sí gọ́tà yín. Kí ìgò ásíìdì kúrò lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bí mọ́tò yín bá sì kọ̀ lọ́la, ẹ bi ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì pé kí ni mítà kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà nísinmi, kí ló sì kà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ní mítà lọ́wọ́, ẹ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ẹ pe ẹlòmíràn.